Fíìmù Tí Ìyàwó Mi Sọ Fún Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá

Èmi ń sọ, Àbíkẹ́yìn ọmọ mi ń kọ. N kò mọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má bá mi tún un ṣe.

Tíṣà kan wá lónìí, obìnrin, gíláàsì lójú. Ó ń wá fíìmù kan kiri, èyí tí a fi hàn fún ọjọ́ méjì péré ní gbọ̀ngàn sinimá wa, ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà ìjọba burúkú. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní èmi ni mo yí ẹ̀rọ.

Onígbàjámọ̀ òdìkejì ń gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ibi tẹ́ ẹ wá dáa o. Bàbá ń fi sinimá hàn wá, ìyàwó wọn ń ka lẹ́tà wa. Ilé kan, iṣẹ́ méjì."

Mo fa àga fún tíṣà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Olóhùn Pẹ̀lẹ́ ti ṣiṣẹ́ — ìyàwó mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣa lẹ́tà. Láyé ìgbà yẹn, èèyàn á kọ lẹ́tà fi aládùúgbò rẹ̀ sùn ìjọba. Ẹni tí wọ́n bá fi sùn, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé. Bí wọ́n ṣe mú ẹ̀gbọ́n onígbàjámọ̀ nìyẹn. Àdúgbò bá ní ìyàwó mi ló ń ṣí lẹ́tà wò fún wọn. Etí Ìjọba ni wọ́n sọ ọ́. Ó gbé orúkọ náà wọ sàréè. Èèyàn mẹ́fà la jẹ́ níbi ìsìnkú rẹ̀, méjì nínú wọn ló gbẹ́ ilẹ̀.

Ọdún kẹta rèé. Èmi náà kò bi í rí bóyá òótọ́ ni. Ẹ̀rù ohun tó lè sọ ló bà mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Tíṣà padà wá. Mo sọ òótọ́ fún un: n kò wo fíìmù náà. Ẹni tó ń yí ẹ̀rọ kì í wo fíìmù. Ẹ̀rọ méjì ló wà níwájú mi. Bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́, mò ń ká rẹ́lì èkejì, irin róbótó tí fíìmù máa ń wé mọ́. Ó di ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí rẹ́lì tán kí n tó gbójú sókè, kí n lè rí àmì bíńtín tó máa yọ ní igun, kí n tan ẹ̀rọ kejì. Ìparí rẹ́lì nìkan ni mo mọ̀ nínú gbogbo fíìmù ayé. Tìyí: ọkùnrin kan ń fọ ọwọ́ nínú bàsíà. Ó gbórí lé tábìlì. Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó ti darúgbó, ó ń rìn lọ lójú títì, àwọn èèyàn ń gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Ìyókù ńkọ́, bàbá?"

Ìyókù, ìyàwó mi ló sọ ọ́ fún mi. Bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Á jókòó sísàlẹ̀, á wò ó, tá a bá délé tá à ń jẹun, á sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Mo sọ ọ́ fún tíṣà bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan ń ṣa lẹ́tà. Bó bá ti fọwọ́ kan lẹ́tà ìfisùn ló ń mọ̀ ọ́n: kì í ní orúkọ lẹ́yìn, wọ́n sì máa ń lẹ̀ ẹ́ lálẹ̀jù. Ó ń mú nínú wọn. Kì í mú gbogbo rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á mọ̀. Ọ̀kan lọ́sẹ̀, bóyá méjì, èyí tó bá ṣáà ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Á fi há ìbàdí, á gbé e délé, á fi dáná omi ìwẹ̀. Àwọn lẹ́tà tó sun kò dà á láàmú. Àwọn tó fi sílẹ̀ kó kọjá ni kì í jẹ́ kó sùn.

Tíṣà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Kò sí nǹkan. Orúnkún ń dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Wọ́n ti rí fíìmù náà, nínú yàrá ìkẹ́rù ilé-ìwé kan. Tíṣà gbé e wá nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo wo fíìmù tán láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àgádágodo ni ọkùnrin inú rẹ̀ ń ṣe. Ó ń ṣe é fún ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ba ọ̀kan jẹ́ kí ilẹ̀kùn kan má baà tì, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni, títí ó fi kú. Ó fọ ọwọ́. Ó gbórí lé tábìlì. Gbogbo ìparí rẹ́lì mi pé.

Kò sí lẹ́tà. Kò sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò sí omi ìwẹ̀.

Tíṣà ní, "Bàbá, àfàìmọ̀ kẹ́ ẹ má ti pa á pọ̀ mọ́ fíìmù mìíràn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ kó máa lọ ni.

Ó lọ tán. Àbíkẹ́yìn kò kúrò lójú kan. Ó ní, "Bàbá mi, màámi kì í jẹ́ kí ẹlòmíì dáná omi ìwẹ̀ yín. Mo lọ gbá ìdí iná yẹn lọ́jọ́ kan, wọ́n gbá mi létí. Wọn ò lù mí rí ṣáájú ìyẹn, wọn ò lù mí mọ́ lẹ́yìn ẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo lọ fárí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún onígbàjámọ̀ lórí àga rẹ̀. Ó gbé abẹ dúró. Ó ní, "Lẹ́tà ti ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Wọ́n fi í sílẹ̀ kó kọjá ni, àbí wọn ò rí i?"

Mo ní n kò mọ̀. Mo ní bóyá ìyàwó mi náà kò mọ̀, bóyá ohun tí kò jẹ́ kó sùn nìyẹn.

Ó wọ inú ilé lọ, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ orí. Ó pẹ́. Ó padà wá fá ìyókù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ ogún

Àbíkẹ́yìn, kọ èyí náà. Má fò ó.

Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ sọ fíìmù yẹn fún mi tán, ó bi mí léèrè. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, tó bá jẹ́ ará ilé yín ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Oúnjẹ wà lẹ́nu mi. N kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Mo ní, "Màá lọ fi í sùn fúnra mi, kí wọ́n tó wá kó gbogbo wa."

Ó ní ó dáa. Ó kó àwo jáde.

Kò tún sọ fíìmù kankan fún mi mọ́. Mo rò pé àwọn fíìmù náà ni kò dùn mọ́.