Irin Ẹsẹ̀ Ọmọ́bọ́láńlé: Ìgbésí Ayé Díákónì Adégbọlá Ọlánípẹ̀kun (1931–1989)

Agbolé Jẹ́jẹ́lọlá ní ìlú Ìgbòho ni a ti bí bàbá wa, Díákónì Adégbọlá Ọlánípẹ̀kun, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ọdún 1931. Àkànó Ọlánípẹ̀kun, àgbẹ̀ onísu, ni bàbá wọn; Adébísí, ahunṣọ, ni ìyá wọn. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi ìlú náà, wọ́n sì wá sí Ìbàdàn ní 1950 láti kọ́ṣẹ́ irin ní Dùgbẹ̀.

Ní 1958, wọ́n gbé Ọlárónkẹ́, ọmọ Ṣakí, níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan ní Òkè Àdó. Ní 1966, iléeṣẹ́ kan tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ní Ring Road gbà wọ́n síṣẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń ri irin bọ inú omi fọ́sífeètì gbígbóná. Irin náà yóò gbé awọ tó rí bí eérú wọ̀; awọ yìí a máa mu òróró, irin kò ní í dógùn-ún bọ̀rọ̀, oríkèé rẹ̀ kò sì ní í tètè há. Kì í dán rárá, Bàbá sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ́bọ́láńlé ni àbíkẹ́yìn wọn. Àìsàn rọpárọsẹ̀ mú un ní 1975, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ní 1981, ó gba irin ẹsẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé ẹ̀kọ́. Àmọ́ òjò àti òógùn mú kí orúnkún irin náà dógùn-ún. Ó há, ọmọ ṣubú lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní òun ò lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá dé egungun. Wọ́n gbé irin náà lọ síbi iṣẹ́, wọ́n rì í bọ omi fọ́sífeètì náà, wọ́n sì fi òróró pa á.

Ẹ má bínú, Màmá, a ó sọ ọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Màmá rí irin tó rí bí eérú, wọ́n kó yanrìn àti ọṣẹ, wọ́n fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán yanran, kí ọmọ lè wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Awọ náà bá yanrìn lọ. Kí oṣù tó parí, irin tún há, Bọ́láńlé tún ṣubú. Nígbà tí Bàbá bèèrè, Màmá ní, “Bàbá Rótìmí, ẹ ò kúkú sọ fún mi! Mo ṣe bí ìdọ̀tí ni.” Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì kọ́ Màmá bí a ṣe ń fi àkísà olóróró nù ún. Bọ́láńlé padà sílé ẹ̀kọ́.

Bàbá di díákónì ní 1983. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní 1986, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Challenge. Ọmọdé yòówù tó bá wọ irin ẹsẹ̀ débẹ̀, Bàbá yóò bá a rì í, ìyá rẹ̀ yóò sì gba ìkìlọ̀ nípa yanrìn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yìí, tí ara wọn kò yá mọ́, wọ́n wọn ẹsẹ̀ Bọ́láńlé, wọ́n ní kò tún ní í ga sí i. Wọ́n ṣe irin tí yóò lò títí ayé fún un. Òun ni iṣẹ́ ìkẹyìn wọn. Wọ́n papòdà ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá.

Aya wọn, Ọlárónkẹ́, wà láyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Olúrótìmí, Adégbìtẹ́ àti Ọmọ́bọ́láńlé, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún.

Irin yẹn ni Bọ́láńlé yóò fi tẹ̀lé pósí lónìí. Ó bẹ̀ wá kí ẹnikẹ́ni má ṣe di òun lọ́wọ́ mú.

Bàbá, ẹ sùn re o. Màmá ti fi òróró nù ún.