Ìwọ̀n Òkúta Inú Àpótí Ẹja Ẹ̀gbọ́n Yín

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Ẹyínfúnjowó, ọkọ mi kékeré,

Ó di ọjọ́ mẹ́tàlélógójì lónìí tí ẹ ti kúrò lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìsìnkú ẹ̀gbọ́n yín. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti ń san? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ sinmi? Ní tèmi, mo dúpẹ́. Mo ti padà sídìí búrẹ́dì mi. Oúnjẹ ti ń lọ lọ́nà ọ̀fun, oorun náà sì ti ń wá díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpótí ẹja ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Ẹ ní kí n tà á, pé wàhálà rẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi, ẹ sì ti bá mi wá ẹni tí yóò wá rà á ní Sátidé tó ń bọ̀. Ìfẹ́ ló mú yín sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí.

Ẹ rántí pé ẹ̀gbọ́n yín ti ra àpótí gíláàsì tuntun, tó gba igba lítà omi, kí ọlọ́jọ́ tó dé. Òkúta inú òkun tó fẹ́ tò sínú rẹ̀ wà nínú àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn ẹja méjèèjì sì wà nínú ike ńlá, wọ́n ń retí ilé wọn. Mo wo inú ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: kílò òkúta kan fún lítà omi mẹ́rin. Inú mi dùn, nítorí ìwọ̀n ni iṣẹ́ mi. Mo gbé òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun mi wá, mo wọn àádọ́ta kílò géérégé, mo sì tò ó.

Ọkọ mi, òkúta dé ẹnu àpótí. Nínú omi iyọ̀ tí mo pò, ìdajì péré ló ráyè wọlé. Nígbà tí mo da àwọn ẹja síbẹ̀, wọn ò ríbi yí sí. Ọ̀kan há sáàárín òkúta méjì títí mo fi fọwọ́ yọ ọ́. Mo kó wọn padà sínú ike, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Mo ní bóyá òótọ́ lẹ sọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo pe ọkùnrin tó ń ta ẹja fún ẹ̀gbọ́n yín. Ó wo àpótí, ó wò mí.

“Màmá oníbúrẹ́dì, ṣé ẹja lẹ fẹ́ sìn ni, àbí ilé lẹ fẹ́ kọ́?”

Mo ní ohun tí ọkọ mi kọ ni mo ṣe.

“Òkúta ìgbà tí wọ́n kọ ìyẹn wúwo bí irin. Èyí fúyẹ́, ihò ló kún inú rẹ̀. Ẹ fi òṣùwọ̀n sílẹ̀, ẹ fojú wọ̀n ọ́n.”

Ó ní inú ihò yẹn ni àwọn ohun alààyè tín-ín-tìn-ín tó ń jẹ ìdọ̀tí ẹja ń gbé, pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó ṣiṣẹ́.

Kò rọrùn. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín ló ṣa òkúta wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan; bí mo ti ń yọ wọ́n, àfi bíi pé òun ni mò ń kó jáde nílé. Ọkùnrin náà ò kán mi lójú. Ó kàn bi mí pé báwo ni mo ṣe ń rọ ìyẹ̀fun pípò sínú agolo búrẹ́dì. Mo ní mi ò kì í rọ ọ́ kún, kó lè ráyè wú. Bí mo ṣe gbọ́ ohun tí mo sọ, ẹ̀rín pa mí, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ.

Ogún kílò ló kù níbẹ̀. A fi wọ́n kọ́ ihò ńlá méjì tí ẹja lè wọ̀, a fi àyè sílẹ̀ kí omi lè máa yí ká, a sì jẹ́ kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìjẹta ni ẹja wọlé. Láàárọ̀ àná, èyí tó kéré, tí kò jẹun dáadáa láti ìgbà ìsìnkú, jáde wá gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ ẹni tó fẹ́ rà á pé kó má wulẹ̀ wá. Ẹ bá mi kí ìyá àwọn ọmọ, ẹ bá mi fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni màá máa pààrọ̀ omi náà, bí ẹ̀gbọ́n yín ti ń ṣe.

                                        Èmi ni tiyín títí,
                                        Ìyàwó yín oníbúrẹ́dì.