Ìṣẹ́jú Méjìlélógún Tí Mo Fọwọ́ Sí

Òkè Pigeon Roost,
Laurel Fork,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Tarrow,
West Virginia.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2014.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Tarrow,
Òpópónà Ilé Ẹjọ́,
Marlow Gap.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ MÁ ṢE TI ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ÀÁRÍN LAUREL FORK NÍTORÍ ÌWÉ ÀFIWÉ TÍ MO LỌ́WỌ́ NÍNÚ RẸ̀

Èmi ni mo ti ń wa bọ́ọ̀sì kẹrìnlá láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Mo ka ìwé tí ẹ fi wé ilé-ẹ̀kọ́ àárín ìjọba méjèèjì tó wà lágbègbè wa, Laurel Fork àti Central, tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́. Àyà mi já bí mo ṣe ń kà á, ẹ̀rù náà kò sì tíì kúrò lára mi.

N kò bá yín jiyàn lórí máàkì. Lóòótọ́ ni àwọn ọmọ Central gba mọ́kànléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìṣirò, tí tiwa gba méjìdínlọ́gọ́ta. Lóòótọ́ ni wọ́n ní yàrá sáyẹ́ǹsì, tí òrùlé tiwa sì ń jò sórí ìwé. Ọmọ ọmọ mi, Tamsin, wà ní kíláàsì keje. Èmi náà fẹ́ kó mọ ìṣirò. Ìlà kẹsàn-án ni mo ń bá yín sọ, níbi tí ẹ ti kọ ọ́ pé láti Laurel Fork dé Central, ìṣẹ́jú méjìlélógún ni.

Èmi ni mo kọ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Prewitt ti ẹ̀ka ọkọ̀ ní kí n wa bọ́ọ̀sì lọ lófìfo, kí n ka ìṣẹ́jú, kí n sì fọwọ́ sí i. Ọ̀dá wà nígbà náà. Omi Sugar Creek kò ju kókósẹ̀ lọ lábẹ́ afárá pẹlẹbẹ wa. Inú mi dùn pé mo tètè dé. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè oṣù Kejì, nígbà tí omi máa ń kún, èmi náà kò sì sọ.

Àwọn ọmọ wa ń kọjá afárá yẹn lọ sí Laurel Fork náà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń ṣọ́ omi fún wọn. Òkúta funfun kan wà létí afárá. Bí omi bá ti bò ó, ẹnikẹ́ni kì í kọjá, ìbáà ṣe dókítà. Ìyáàfin Verlie Stidham, alásè ilé-ẹ̀kọ́, máa ń wò ó láti fèrèsé ilé ìdáná. Bí omi bá ti kan ìdí òkúta, á nu ọwọ́, á lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ máa lọlé. Òkúta ti ń fọ ẹsẹ̀ o." Wọn á tú ká lójú ẹsẹ̀. Ní Central, òkè méjì ló wà láàárín wọn àti omi. Kò sí ìlà kankan fún fèrèsé nínú ìwé yín.

Láti oṣù Kìíní lẹ ti ní kí n máa kó mọ́kànlá nínú àwọn ọmọ kíláàsì keje wa lọ kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Central ní gbogbo Ọjọ́rú, kí ẹ fi dán ètò kíkó gbogbo wọn lọ síbẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì, òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Laurel Fork tú ká ní agogo kan. Central tú ká ní agogo mẹ́ta, bí ìṣe wọn. Nígbà tí a dé etí omi, ilé-ẹ̀kọ́ wa ti wà ní títì, òkúta kò sì sí lójú mọ́. Ó yẹ kí n yí padà. Ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ọjọ́ yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Prewitt sì ti sọ fún mi pé, "Ìyáàfin Odessa, ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ìṣẹ́jú méjìlélógún. Kí ló wá dé?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dún létí mi. Tamsin, tó jókòó lẹ́yìn mi, rọra ní, "Màmá àgbà, mi ò rí òkúta mọ́." Mo ní kó jókòó dáadáa. Mo wọ omi.

Láàárín afárá, omi gbé ìdí bọ́ọ̀sì, ó sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbọ́ bí táyà ẹ̀yìn ṣe ń ha etí kọnkéré. Kò sí ọmọ kan tó pariwo. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù títí dòní. Bí a ṣe gòkè, n kò lè sọ. N kò fi tó ẹ̀ka ọkọ̀ létí, torí mò ń bẹ̀rù iṣẹ́ mi. Láti ọjọ́ náà, bójú ọjọ́ bá ti ṣú, Tamsin á máa wo ojú mi.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi kò tíì balẹ̀, títí di ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí tí ẹ ó dìbò lórí títi ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo gba ọwọ́ tí mo fi sí ìṣẹ́jú yẹn padà. Bí ẹ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni yóò máa gba orí afárá yẹn lójoojúmọ́, láìsí ẹni tó ń wo òkúta fún wọn. Ẹ kọ́kọ́ ṣe afárá gíga ná. Bí ẹ bá ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ohun tí mo ṣe, ó tọ́ sí mi, n kò ní jà.

Èmi fúnra mi ni mo mú lẹ́tà yìí wá, n kò fi ránṣẹ́, torí òjò ti bẹ̀rẹ̀, Ìyáàfin Verlie sì ti ń nu ọwọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lésì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀la ni Ọjọ́rú, tí mo tún gbọ́dọ̀ kó àwọn mọ́kànlá náà lọ sí Central.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Odessa Lilly,
Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì Kẹrìnlá.