Ẹ̀rọ Omi Tí Ò Ń Tàn Láti Òkè Òkun

Ọmọ mi obìnrin,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀. Àbúrò rẹ ti tún òrùlé ṣe. Olùkọ́ àdúgbò ló ń bá mi kọ èyí.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga sí koríko iwájú ilé ti sú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹni tó ń tún un ṣe ti wá. Ó ní páìpù kò jò, iná kò ṣe nǹkan kan. Omi inú kànga ló ti gbẹ, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lásán, ló fi ń jóná.

Ó ní, "Baba, ta ló ń tàn án?"

Mo ní ọmọ mi ni, lórí fóònù, láti òkè òkun.

"Ṣé ó ń rí inú kànga lọ́hùn-ún ni?"

Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, àràárọ̀ lo fi ń pe ẹ̀rọ. Èmi, ó di oṣù méjì tí o ti pè mí gbẹ̀yìn. Jọ̀ọ́, èmi ni kí o kọ́kọ́ máa pè. Màá yọjú wo kànga, màá sọ fún ọ bóyá omi wà. Bí kò bá sí, a ó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ kẹ́ ọ ju koríko lọ.

Bàbá rẹ