Àwọn Ọ̀rọ̀ Alọ́nilọ́wọ́gbà tí Varya Ní Kí N Kó Ránṣẹ́

Ilé Kejìlá, Òpópónà Àwọn Ahunṣọ,
Kineshma, létí odò Volga.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà, ọdún 1996.

Varya ọmọ mi,

Taisia Lvovna ló ń bá mi kọ ìwé yìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lókè wa. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi ò mọ̀wé. Mo ti sọ fún un pé kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má fi ṣúgà sí i. Ó fajú ro, ṣùgbọ́n ó ń kọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi àyà rẹ lọ́rùn sílẹ̀? Orúnkún ń ro mí, eyín mi ku mẹ́rin, Lidia ìyá rẹ ṣì lágbára láti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀mí wà. Kí tìrẹ náà máa wà.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. O ní iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ ni pé kí o kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwa ará Rọ́ṣíà ń lò jọ fún àwọn tó ń fi ipá tàbí ìhalẹ̀ gba nǹkan ẹni, kí o sì tú wọn sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ògbufọ̀ ilé ẹjọ́. O ní àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé ti gbó, pé kí n bá ọ tẹ́tí sílẹ̀ lọ́jà. Kò sí ohun tí mo ń wá lọ sọ́jà. Inú ilé wa níbí ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Jókòó kí o tó kà á.

Ọ̀kan péré ni mo gbọ́ níta, òun ni òrùlé. Polina tó ń ta bàtà onírun létí ibùdókọ̀ ní òrùlé. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ọmọkùnrin méjì á dé, wọ́n á ṣa bàtà tó bá wù wọ́n, wọ́n á lọ. Mo bi í pé ta ni wọ́n. Ó ní, "Òrùlé mi ni wọ́n, Glafira Nikitichna." Mo ní, "Òrùlé tèmi ń jò, ṣùgbọ́n kò gbá mi létí rí." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. O kọ ọ́ pé ààbò ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń pè é. Má fi ààbò nìkan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ pé ẹni tó ń gbà ọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni.

Nísinsìnyí, ó kan Gleb àbúrò rẹ. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é sí iṣẹ́ sójà ní oṣù kẹwàá tó kọjá, a ti sin ọmọ méjì láti àdúgbò wa tí wọ́n gbé bọ̀ láti ogun Chechnya nínú àpótí irin. Lidia kò sùn mọ́. Ó lọ bá Dókítà Sofronov, dókítà náà sì kọ ọ́ pé ọkàn Gleb kò le. Irọ́ ni. Ọmọ tó ń gbé àpò ànàmọ́ gun àkàsọ̀ ilé alájà mẹ́rin láìdúró. Ṣùgbọ́n àwọn sójà gba ìwé náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀. N kò bi Lidia ohun tó fún dókítà. A kò sọ ọ́ fún ọ nítorí pé àwọn kan máa ń ṣí lẹ́tà tó ń lọ sí òkè òkun. Ní báyìí, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣí i ṣí i.

Ní oṣù kọkànlá, Bulygin wá kí mi. Ọlọ́pàá tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ ni, àwọn tó kù lẹ́nu iṣẹ́ sì ń kí i. Ó gbé kéèkì wá, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọlúwàbí, mo sì fún un ní sálúbàtà. Lẹ́yìn ife tíì kejì ló sọ pé, "Ìyá àgbà, ọkàn Gleb ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Kó máa wà bẹ́ẹ̀ o. Bó bá lọ yá pẹ́nrẹ́n, ẹ̀wọ̀n ni fún ìyá rẹ̀ àti dókítà, ogun ni fún òun. Káàdì ìwòsàn rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ó sì dá mi lójú pé ara ọmọ yín le bíi ti ẹṣin. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ fún Lidia. Ẹ ò fẹ́ kó máa sùn ni?" Ó wá ní kí n na ṣúgà sí òun.

Èyí ni wọ́n ń pè ní gbígbé èèyàn kọ́ ìwọ̀. O béèrè pé kí ló yà á sọ́tọ̀ sí ti Polina. Àwọn ti Polina mú ìkúùkù tiwọn wá. Èyí mú ohun tí ìwọ fúnra rẹ ṣe wá, ó gbé e síwájú rẹ, ó sì ń mu tíì rẹ. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún méjèèjì, a jẹ́ pé wọn ò tíì rí ohun tí a rí.

Bulygin kọ́kọ́ gba àwòrán ẹni mímọ́ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, èyí tó wà ní igun ilé. Mo sọ fún Lidia pé mo gbé e fún ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, Lidia ní iléeṣẹ́ ahunṣọ rẹ̀, tí kò lówó láti san, kò fún àwọn ní aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì mọ́ dípò owó oṣù. Gleb náà bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó gbé ọkọ̀ búrẹ́dì rẹ̀ dé. N kò béèrè, torí èmi náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní fífún wàrà. O ní Gẹ̀ẹ́sì náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dára, níbi gbogbo ni màlúù wà. Ṣùgbọ́n màlúù mẹ́ta ni wá nínú yàrá méjì, à ń jẹun nínú ìkòkò kan náà, kò sì sí èyí tó mọ̀ pé wọ́n ń fún èkejì.

Ní oṣù kẹta, ó mú òṣìṣẹ́ kan tó ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé wá, àti ọkùnrin kan tí yóò fọwọ́ sí i ní orúkọ mi torí pé n kò mọ̀wé. Ìwé náà sọ pé Bulygin yóò máa tọ́jú mi títí n óò fi kú, pé bí mo bá kú, òun ló ni ilé. Ìtọ́jú tí mo ti rí gbà kò ju kéèkì yẹn lọ. Wọ́n ń pe èyí ní ọ̀bẹ lọ́rùn. Ó ṣèlérí pé òun yóò dá káàdì Gleb padà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ tán, ó ní òun gbàgbé rẹ̀ sílé.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ni gbogbo rẹ̀ tú. Gleb rí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀ Bulygin, pẹ̀lú àmì tí ìyá rẹ̀ máa ń rán sí etí wọn. Ó dé bá wa nídìí ọbẹ̀ kábéèjì, kò jókòó. Ó ní, "Kí ni ó ń gbà lọ́wọ́ yín? Ẹ sọ ọ́, èmi náà á sọ tèmi." Ó ti ń gbé ẹrù fún un láti oṣù kejìlá, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lidia sọ ti aṣọ. Mo sọ ti ilé. Gleb yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin àti ẹnu yín. Ta ló tún mọ̀ yàtọ̀ sí yín? Ẹ ti lọ rò ó fún àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ yín." Lidia fi orí ìwọ ọmọ rẹ̀ búra. Kò gbà á gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ayẹyẹ ìṣẹ́gun ogun àgbáyé, Gleb lọ bá àwọn sójà fúnra rẹ̀, ó ní ọkàn òun ti le. Inú wọn dùn. Ó ní, "Ìyá àgbà, ìwọ̀ tí kò sí ẹja lẹ́nu rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ṣe?" Ọmọdé ni. Ilé ti lọ, Bulygin ṣì mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe, ó sì ṣì ń gba aṣọ. Lọ́jọ́ tí Gleb máa lọ, Lidia jókòó, èmi náà jókòó bí a ti máa ń ṣe kí èèyàn tó rìnrìn àjò. Òun dúró. Ó gbá mi mọ́ra, kò wo ojú ìyá rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀ ó jáde.

Kì í ṣe Lidia ló sọ ọ́. Èmi ni. Taisia ti gbé gègé sílẹ̀ báyìí. Mo ní kó gbé e.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìwé dókítà jáde, mo gbé ìkòkò olú oníyọ̀ kan àti ìkòkò oyin kan lọ sí ilé ìwòsàn. A kì í lọ bá dókítà lọ́wọ́ òfo. Bí ìyá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn. Èrò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń fi tiwọn pa mọ́ sínú àpò. Èmi gbé tèmi sọ́wọ́ gbangba. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, ẹ tò sẹ́yìn àwọn yòókù." Mo ní, "Àìsàn kọ́ ló gbé mi wá. Mo wá dúpẹ́ ìwé tí dókítà kọ fún ọmọ ọmọ mi, tí kò fi ní lọ sógun." Obìnrin kan ní, "Ìyá, ẹ sọ ohun tó wà nínú ìkòkò yẹn fún mi, ọmọkùnrin méjì ni mo ní." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó fi báńdéèjì di ọwọ́ dìde, ó fún mi ní ìjókòó rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé kéèkì dé ní oṣù kọkànlá, mo dá a mọ̀ kó tó bọ́ bàtà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún Lidia. Mo la ẹnu, mo ní kó gbé iyọ̀ wá. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó bi mí pé, "Ìyá, àbí mo sọ ọ́ níbì kan tí mo sì gbàgbé ni?" Mo dá a lóhùn pé èèyàn máa ń gbàgbé. Bulygin kọ́ ló ní kí n dákẹ́ lórí èyí. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní orúkọ fún un, fi sínú ìwé rẹ. Èmi kò ní.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ nílẹ̀ àjèjì. Kí ọwọ́ rẹ má ṣe kọ ohun tí yóò di ìwọ̀ fún ọ. Jẹun, kí o sì máa fi aṣọ bo àyà rẹ.

Èmi ni ìyá tó bí ìyá rẹ,
Glafira Nikitichna.

Mo tún rántí: Gleb ni kí o kọ́kọ́ sọ fún. Ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ló wà títí di ìparí oṣù keje, wọ́n ní gúúsù, níbi tí ogun wà, ló kàn. Taisia ti kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé yìí. Bí èmi bá ránṣẹ́ sí i, yóò rò pé ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ mí. Tìrẹ ni yóò gbà gbọ́. Wọ́n ń ka lẹ́tà àwọn sójà, má dárúkọ dókítà. Kọ ọ́ pé Ìyá àgbà ló sọ ọ́, Màmá kọ́. Ó ti tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá ti fi ìyẹn ránṣẹ́, sọ fún Lidia, ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù keje, nígbà tó bá lọ dúró de tẹlifóònù rẹ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Má ṣe bẹ̀ ẹ́ fún mi. Bó bá wọlé tí kò bá mi sọ̀rọ̀, n óò mọ̀ pé o ti jíṣẹ́.