Àdírẹ́ẹ̀sì Tí Mo Fi Ìbínú Tì Pa

Olóòtú ètò wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí màmá mi máa ń gbọ́ yín lórí rédíò bí wọ́n bá ń yan kéèkì tí wọ́n ń tà.

Èmi ni mò ń bójú tó ojú òpó kéèkì wọn lórí ayélujára. Orúkọ bàbá mi ló wà nínú àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Nígbà tí bàbá fi wá sílẹ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí àdírẹ́ẹ̀sì tuntun, mo sì fi ìbínú ti àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ pa.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wá kéèkì Àkúrẹ́ lórí Gúgù kì í rí wa mọ́, àwa tá a máa ń wà lókè. Màmá ní, "Wọ́n ti gbọ́ pé ọkọ mi lọ ni. Wọ́n ń yẹra fún mi."

Nígbà tí mo ròyìn ohun tí mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín: "Ìwọ ọmọ yìí! Nígbà tẹ́ ẹ kó ṣọ́ọ̀bù kúrò ní Oǹdó, ṣé ẹ ò kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ibẹ̀ pé Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́ lẹ wà báyìí?"

A kọ ọ́. Èmi ni mo di ọ̀dà mú.

Mo ti ṣí àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ padà, ó ń darí èèyàn sí tuntun. Ẹ̀gbọ́n ní ipò wa á padà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá ṣì rò pé aráyé ló kọ àwọn sílẹ̀, ẹnu mi ò sì gbà á láti jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ti àdírẹ́ẹ̀sì pa.

Ẹ bá mi ka lẹ́tà yìí láago mẹ́wàá àárọ̀, kéèkì á ti wà lórí iná. Bí ẹ ò tilẹ̀ dárúkọ mi, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni, bí mo sì ṣe fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ nìyẹn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jókòó tì wọ́n, àbí kí n ti jáde nílé?