Ìyá Mi, Ẹ Padà Wọ Ọkọ̀ Yín: Nọ́ńbà Inú Fọ́tò Ló Fa Wàhálà, Kì Í Ṣe Ayé

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi, Àlàájà Sínọ́tù, ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti ilé kí ilé wa má bàa tú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ìlú Mánṣẹ́sítà níbí. Mo kí àbúrò mi Kàmọ́rù tó ń wa ọkọ̀ yín. Mo kí Sìdíkátù ọmọ rẹ̀, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta ni o, kì í ṣe àṣírí. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó sì ní fóònù ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó fìdí mọ́lẹ̀ kó gbọ́.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ mí mọ̀ mí. Èmi Mùfútáù, ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Mo ru igi ìdáná láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ títí irun àárín orí mi fi kọ̀ tí kò hù mọ́. Mo sùn nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni l'Ékòó, eku ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, ó tún ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Nígbà tí mo dé ìlú òyìnbó, ọwọ́ lásán ni mo fi ń fọ tírélà nínú yìnyín, èékánná mi dúdú bí ẹ̀pà tó jóná. Ẹnì kan ò bá mi dá sí i. Lónìí, ibi ìfọkọ̀ méjì ni mo ní, àwọn tó gba dìgírì ló ń pè mí ní ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n yangàn, Ìyá mi. Ẹni tí kò bá yangàn lẹ́yìn irú ìyà yẹn, ìyà ò jẹ ẹ́ dáadáa ni.

Òjò ibí kì í rọ̀ bí òjò. Ṣe ló ń tutọ́ sí èèyàn lára láti àárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi nìkan ni mo ń tẹ ẹ̀bà, èmi nìkan ni mo ń jẹ ẹ́, torí ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ alẹ́, àwọn ọmọ sì ti lọ sílé tiwọn. Ohùn yín lórí fóònù ni ẹran inú ọbẹ̀ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn nígbà tí Kàmọ́rù sọ fún mi pé ẹ ti kọ ọkọ̀ sílẹ̀, pé ọ̀kadà ni ẹ ń gùn lọ sí ọsibítù ojú, ẹ̀yin tí ìbàdí ń dùn! Ó ní ẹ ní ẹ ò wọ ọkọ̀ tí ayé ti dájú sọ mọ́.

Ìyá mi, kì í ṣe ayé. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè dájọ́.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ tí mo rà fún yín dé, ẹ ṣe ohun tí ìyá ń ṣe. Ẹ bu omi tútù jáde, ẹ wọ́n ọn sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣàdúrà títí ọ̀fun Kàmọ́rù fi gbẹ nídìí àmín. Ìyẹn dára. Sìdíkátù wá ní kí ẹ dúró síwájú ọkọ̀ kí òun ya yín ní fọ́tò. Ẹ̀yin rèé nínú léèsì, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn yín, géètì wa tí mo fi irin kọ orúkọ mi sí. Lára ògiri, síńbọ́ọ̀dù àtijọ́ tí ẹ fi ń ta àdìrẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù yín. Níwájú, nọ́ńbà ọkọ̀, ó ń dán gbinrin. Kàmọ́rù ló sọ pé kí ọmọ má gé e kúrò, ó ní kí ayé rí i pé Òde la ti gbà á, pé a kì í ṣe irú àwọn tó ń lọ gba nọ́ńbà Èkó bí ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ ń tì lójú. Àwa Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè! Nọ́ńbà ọkọ̀ náà, a fi ṣe fáàrí. Ni Sìdíkátù bá gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Dádì Mánṣẹ́sítà ló ra ọkọ̀ fún Màmá.

Kò pẹ́ rárá tí ọkùnrin kan fi pè yín, lọ́sàn-án ọjọ́ tí Kàmọ́rù gbé ọkọ̀ lọ sí Ìjagun. Ó kí yín dáadáa, ó pè yín ní Àlàájà. Ó ní ọlọ́pàá lòun, ọkọ̀ yín ti gbá èèyàn, ọmọ yín wà ní àhámọ́, àwọn sì ti gba fóònù rẹ̀, kí ẹ má wulẹ̀ pè é. Ó wá ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ṣì í. Ó ní ọmọ Òde lòun náà, inú regbé-regbé kan náà, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa, lòun àti èmi wà, ìyẹn ló jẹ́ kóun fẹ́ ṣàánú yín. Kí ẹ kó owó àti góòlù yín jáde sí ìkóríta, kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún mi pé ẹ ti wọ bàtà, ẹ ti di góòlù sínú gèlè. Ẹ ní ta ni ìbá mọ nọ́ńbà yẹn bí kò bá ṣe ẹni tó dúró ti ọkọ̀?

Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í ṣe ìyá ẹlòmíì. Ẹ bi í pé regbé-regbé wo? Ó ní ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ẹ ní ẹgbẹ́ wo nínú wọn, ta ni olórí yín, aṣọ wo lẹ wọ̀ lọ kí ọba lọ́dún tó kọjá? Ó ní Màmá, ẹ ń fi àkókò ṣòfò, ọmọ yín ń jìyà. Ẹ ní ọkùnrin tó bá jẹ́ ọmọ Òde tí kò mọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ bí lásìkò kan náà, bóyá ó já bọ́ látorí igi ni tàbí olè ni, kó mú ọ̀kan. Ó gé fóònù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Kàmọ́rù wa ọkọ̀ wọlé, ó ń jẹ bọ̀ọ̀lì. Ẹ dì mọ́ ọn, ẹ sunkún, ẹ wá fọ́ ọ létí. Ó ní òun ò tíì mọ ẹ̀ṣẹ̀ òun títí di ìsinsìnyí.

Àṣé kò tíì yé e! Ó ní ṣebí gbogbo èèyàn ló ń rí nọ́ńbà ọkọ̀ ní títì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ ọlọ́gbọ́n, wọ́n ń rí i, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ìyá ta ni ọkọ̀ náà ń gbé. Fọ́tò yẹn ló kó ojú ìyá, ilé ìyá, fóònù ìyá, orúkọ ọmọ ìyá àti nọ́ńbà ọkọ̀ sínú àwo kan ṣoṣo, ó gbé e fún ẹni tí ebi olè ń pa.

Níbí pàápàá, ọkùnrin kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọkọ̀ mi gbé fọ́tò ọkọ̀ obìnrin kan síta láti fi polówó iṣẹ́. Obìnrin yẹn ti sá fún ọkọ tó ń lù ú, ó ti kó lọ sí ìlú tí ọkọ ò mọ̀. Nọ́ńbà tí ọkọ rí nínú fọ́tò náà ló fi mọ̀ pé àdúgbò wa ló wà. Obìnrin náà dé bá wa pé ọkọ òun ti ń wá òun bọ̀, ó sì tún kó ẹrù rẹ̀ lọ síbòmíì. Láti ọjọ́ náà, òṣìṣẹ́ mi kan ò gbọdọ̀ ya ọkọ̀ oníbàárà láìjẹ́ pé ó fi kànìnkànìn bo nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé, kó lọ sílé.

Nítorí náà, Sìdíkátù, mi ò bínú sí ọ. Yọ fọ́tò yẹn kúrò, kí o sì bẹ àwọn tó ti pín in kiri kí wọ́n yọ tiwọn. Tí o bá tún fẹ́ ya Màmá, ní kí wọ́n dúró kí wọ́n bo nọ́ńbà náà, kí o sì wo ẹ̀yìn wọn kí o tó tẹ fóònù. Kàmọ́rù ní ká ta ọkọ̀ náà. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé ara rẹ̀ lọ sọ́jà ná, ká wo bóyá ẹnì kan á dá a lóhùn. Ìyá mi, ọkọ̀ náà ò mọwọ́mẹsẹ̀. Àdúrà yín ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀kadà tí ẹ ń gùn yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọ̀nà olè jìn sí ilé wa. Kí ojú yín ríran rí ọmọ-ọmọ-ọmọ. Ẹ bá mi kí ìmáàmù, ẹ kí àwọn ìyá tí ẹ jọ ń lọ sí àsàlátù, ẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ mi.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ń bọ̀ nílé, èmi fúnra mi ni màá sì wa ọkọ̀ gbé yín lọ sí ọsibítù ojú. Ọ̀sán gangan ni. Iwájú lẹ máa jókòó, wíńdò á ṣí sílẹ̀, a ó sì gba àárín Òde kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rẹ̀ wò wá, kó wò wá dáadáa.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùfútáù